Ẹ Bi Òpìtàn Léèrè Nígbà Tí Ó Wà Láàyè

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a ronú lórí bí a ti ń ṣe ìkójáde ìwé ìtàn ní ìlú Ìlọrin àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn nílẹ̀ wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé irú àpèjọ bẹ́ẹ̀ rí yóò jẹ́ wa lẹ́rìí. A ó ya àga àwọn ènìyàn pàtàkì sọ́tọ̀ níwájú. A ó pe alága, a ó pe olùfilọ́lẹ̀ ìwé, a ó pe àwọn olóyè àti àwọn olóṣèlú. Oníkálukú wọn yóò dárúkọ iye tí òun fi gba ìwé, àwọn ènìyàn yóò sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni òǹkọ̀wé yóò máa fọwọ́ sí ìwé fún àwọn tí ó tò síwájú rẹ̀, a ó ya fọ́tò, a ó jẹun, a ó sì túká.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni olùkọ́ ilé-ìwé jókòó sí. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń fi ìwé òǹkọ̀wé yìí kọ́ àwọn ọmọ, inú rẹ̀ sì dùn pé òun fojú kan án lónìí. Ìbéèrè kan wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé iwájú ọkùnrin náà, àyè àti dárúkọ ara rẹ̀ nìkan ni yóò rí. Ó gba ìwé, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìbéèrè rẹ̀ bá a padà sílé.

Àwa kò bínú sí owó tí a ń ná níbẹ̀. Títẹ ìwé wọ́n, òǹkọ̀wé kò sì gbọdọ̀ fi gbèsè san ẹ̀san iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó dùn wá ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí òpìtàn àti àwọn òǹkàwé rẹ̀ pàdé ni a fi ń ka owó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àìbéèrè ti ná wa. Kò sí ìwé ìtàn tí àwọn Yorùbá mọ̀ tó èyí tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Sàró ni a bí i sí ní 1846, ó sì ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti gba ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ tí a fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún ìwé náà tò, òun náà sì kú ní 1920. Nígbà tí ìwé náà jáde ní 1921, kò sí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì tí ènìyàn lè tọ̀ lọ. Ọmọ Ìlọrin tí ó bá ka ohun tí ó kọ nípa Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, àti nípa Ṣéù Àlímì, lè fẹ́ béèrè pé: “Bàbá, ta ni ẹ bi ní Ìlọrin?” Kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní apá kejì. Ní 1912, Ahmad ọmọ Abu Bakr kọ ìtàn àwọn Ẹmíà Ìlọrin ní èdè Lárúbáwá, nínú ìlú gan-an. Ẹni tí ó bá ti agbo ilé Àfọ̀njá wá, tàbí ẹni tí àwọn baba rẹ̀ bá Ṣọlágbérù gbé ní Òkè-Sùnà, lè ní ìbéèrè tirẹ̀ fún un. Òun náà ti lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn méjèèjì, nígbà tí ilẹ̀ ti gba ẹlẹ́rìí?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni èyí. Ní 1957 àti 1958, nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, ọ̀rọ̀ bóyá kí Ìlọrin dúró sí Àríwá tàbí kí ó bá Ìwọ̀-Oòrùn lọ wà lára ohun tí ó dé iwájú wọn. Ta ni yóò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní í dárúkọ Àfọ̀njá àti Àlímì? Títí di òní, bí ìdìbò bá ti súnmọ́, orúkọ àwọn baba ńlá wọ̀nyí kì í jìnnà sí ẹnu àwọn tí ń wá ìbò. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèlú, bí ẹ kò bá mọ ibi tí ìtàn ti wá, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá lọ sókè jù ni yóò máa fi í darí yín.

Ọ̀ràn náà tún kan àwọn ọmọ. Láti 2009 ni a ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní àwọn kíláàsì ìpìlẹ̀. Ní 2018 ni ìjọba àpapọ̀ tó pàṣẹ pé kí a dá a padà. Àwọn ọmọ tí ó bọ́ sí àárín ọdún wọ̀nyẹn ti ń di àgbà. Àwọn kan nínú wọn yóò dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Kí ni wọn yóò fi dáhùn, nígbà tí ọmọ Ajíkòbí àti ọmọ Gàmbàrí bá jókòó lórí àga kan náà, tí oníkálukú sì mú ìtàn tirẹ̀ wá láti ilé?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí a fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ìbéèrè níbi ìkójáde ìwé ìtàn gbogbo, kí wákàtí náà sì ṣáájú owó dídá. Èkejì, kí àwọn olówó àti àwọn olóṣèlú tí ń ra ẹ̀dà kan ní owó gọbọi máa fi owó náà ra ọ̀pọ̀ ẹ̀dà fún àwọn ilé-ìwé, láìyọ apá ìlú kankan sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí òǹkọ̀wé máa kọ ìbéèrè tí a bi í sílẹ̀, kí ó sì dáhùn wọn nígbà tí ó bá tún ìwé rẹ̀ tẹ̀.

Ìbéèrè kì í ṣe ìjà. A lè kúnlẹ̀ tàbí kí a dọ̀bálẹ̀ kí òpìtàn tí a fẹ́ràn, kí a sì wí pé: “Ẹ kú iṣẹ́, Alàgbà. Lẹ́nu ta ni ẹ ti gbọ́ èyí?” Òpìtàn tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kò ní í bínú sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ yóò dùn pé a ka ìwé òun dé òpin.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ máa gba ìfọwọ́sí o. Ohun iyì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kúrò níwájú òǹkọ̀wé títí ẹ ó fi bi í ní ìbéèrè yín. Òkú òpìtàn kì í fèsì.