Ẹ Má Lùlù fún Ẹ̀rọ Nìkan

Bí ẹ̀rọ ìtànṣán tuntun bá dé ilé ìwòsàn kan nílẹ̀ yìí, ìlù á dún. Àwọn òṣèlú á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì máa lọ. Èmi ní kí a dá ìlù náà dúró ná. Ẹ̀rọ kò mọ jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ẹran ara tó dá ṣáṣá. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ fi hàn án.

Ẹ wo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró kì í dúró sójú kan. Bí a bá ń mí, kókó inú rẹ̀ lè máa sún lọ sún bọ̀. Ọkàn wà nítòsí, ọ̀nà ọ̀fun wà níbẹ̀, okùn iṣan inú eegun ẹ̀yìn kò sì jìnnà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó tàn. Wọ́n á fi CT ya inú àyà. Irú tí wọ́n ń pè ní 4D ń ya ìrìn kókó náà bí aláìsàn ṣe ń mí. Dókítà á fa ààlà yí jẹjẹrẹ ká, á tún fa ààlà yí ohun tí a kò gbọdọ̀ jó ká. Onímọ̀ físíìsì ìṣègùn á wá ṣírò ibi tí ìtànṣán yóò gbà wọlé. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún èyí tó ti gbilẹ̀ nínú àyà ni 60 Gray, ní ìgbà 30, láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Okùn ẹ̀yìn kì í sábà gbọdọ̀ gbà ju 45 sí 50 lọ. Ẹni tó bá ṣi ìṣirò yìí ṣe lè sọ aláìsàn di arọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn kan á ní, “Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dé ná.” Ṣé ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ló máa gbé wa dé Ìbàdàn?

Ní oṣù Kejì ọdún 2019, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 dọ́là ló ná wọn. Ó dára, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí wọ́n bá darí láti Ìfisìn-Èkìtì lọ sí Èkó tàbí UCH Ìbàdàn, níbo ni yóò sùn fún ọ̀sẹ̀ 6? Bí owó bá tán lọ́sẹ̀ kẹta, tó padà sílé, jẹjẹrẹ á tún ráyè hù. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ dúró, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ètò ìtọ́jú kò parí sórí kọ̀ǹpútà. Ibùsùn àti iná mànàmáná wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ìjọba má ra ẹ̀rọ kan láìra CT àti kọ̀ǹpútà ìṣirò mọ́ ọn. Kí wọ́n kọ́ àwọn onímọ̀ físíìsì, kí wọ́n sì san owó tí kò ní lé wọn lọ sókè òkun. Kí wọ́n kọ́ ilé tí aláìsàn ọ̀nà jíjìn lè sùn sí.

Ẹ̀yin ará Ìfisìn, Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, nígbà tí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ má bi wọ́n ní iye tí wọ́n ra ẹ̀rọ. Ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò wọn ìtànṣán náà.