Eku Ni Wọ́n Fi Dán An Wò, Ènìyàn Ni Wọ́n Ń Tà Á Fún

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Aláàdì kan, ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n yọ ike oògùn kan nínú báàgì wọn. Wọ́n ní, "Àáfà, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbí. Ẹni tó tà á fún mi ní ewé àti èso lásán ni, pé àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé ó ń yọ́ ọ̀rá ara dànù." Mo ní, "Ìyá, oògùn ìtọ̀ ṣúgà yín ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo ti pa á tì láti oṣù méjì. Oògùn òyìnbó ti sú mi. Ti Ọlọ́hun ni ewé."

Lóòótọ́, ti Ọlọ́hun ni ewé. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà ti Ọlọ́hun ni, ohun tí wọ́n sì sọ fún ìyá yìí kì í ṣe òtítọ́ tó pé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa eku lọ́sẹ̀ yìí.

Orúkọ tó wà lára ike náà ni resveratrol. Èròjà kan ni tó wà nínú èèpo èso àjàrà pupa àti nínú ẹ̀pà. Ní ọdún 2006, Joseph Baur, David Sinclair ti Yunifásítì Harvard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature. Wọ́n mú eku tó ti pé bí ọdún kan, èyí tí í ṣe àgbàlagbà láàrin eku, wọ́n sì ń fún wọn ní oúnjẹ tí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ wá láti inú ọ̀rá. Òróró àgbọn ni wọ́n fi kún un. Báyìí ni àwọn onímọ̀ ṣe máa ń mọ̀ọ́mọ̀ mú eku sanra, kí wọ́n lè mọ ohun tí oúnjẹ ọlọ́ràá ń fi ara ṣe. Wọ́n wá fi resveratrol sínú oúnjẹ apá kan nínú wọn. Àwọn tó jẹ ẹ́ pẹ́ láyé ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó sanra tí kò jẹ ẹ́ lọ. Ẹ̀dọ̀ wọn dára jù, ara wọn sì ń lo ṣúgà dáadáa sí i.

Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí oníṣòwò fò dá: àwọn eku náà kò fọn. Wọ́n ṣì sanra. Ohun tí wọ́n tà fún ìyá wa pé ó ń yọ́ ọ̀rá, kò yọ́ ọ̀rá àwọn eku tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìwọ̀n. Ní Harvard, mílígíráàmù 22.4 ni wọ́n fún eku lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwúwo ara. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ kan ní Strasbourg, ilẹ̀ Faransé, lo mílígíráàmù 400 fún kílò kan, eku tiwọn kò sì sanra bí àwọn yòókù. Bí a bá fi èyí ṣírò fún ẹni tó wọn kílò 70, ti Harvard yóò lé ní mílígíráàmù 1,500 lóòjọ́, ti Faransé yóò jẹ́ 28,000. Àwọn onímọ̀ kì í kàn fi lọ́po báyìí, nítorí ara eku ń yára lo oúnjẹ àti oògùn ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ó tó láti là wá lójú. Hóró kan nínú ike ìyá wa, mílígíráàmù 50 ni.

Àwọn kan tilẹ̀ ti fi ìwádìí yìí dá ọtí láre, pé wáìnì pupa ní resveratrol nínú. Èyí tó wà nínú ìgò wáìnì kan kì í sábà tó mílígíráàmù mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ wá ìwọ̀n Harvard nínú ọtí, yóò mu ju 150 ìgò lọ lójúmọ́! Al-Kùránì ti kọ́ wa tipẹ́ pé àǹfààní wà nínú ọtí, àmọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Kò sí eku kan tó yí ìyẹn padà.

Ewéko kejì tún yẹ ká gbọ́. Itàkùn kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní lei gong teng, tí wọ́n fi ń tọ́jú làkúrègbé. Ní ọdún 2015, Umut Ozcan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston kéde pé èròjà kan láti inú itàkùn náà, celastrol, mú kí àwọn eku tí oúnjẹ ọlọ́ràá ti mú sanra pàdánù ìwúwo tó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó ṣe ṣiṣẹ́ rèé. Ọ̀rá ara ń tú họ́mọ̀nù kan jáde tó ń jẹ́ leptin, èyí tí Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní 1994. Iṣẹ́ leptin ni láti sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó. Lára ẹni tó sanra jù, leptin pọ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ ti kọ etí ikún sí i. Celastrol ló mú kí ọpọlọ eku tún gbọ́. Àmọ́ lára àwọn eku tí a bí láìní leptin, kò ṣe nǹkan kan.

Ṣé ẹ rí i? Láàrin eku àti eku pàápàá, kò ṣiṣẹ́ bákan náà. Májèlé sì wà nínú itàkùn yìí kan náà: ó ti pa ènìyàn rí, ó sì lè ba àtọ̀ ọkùnrin jẹ́. Pé nǹkan jẹ́ ewé kò ní kó má lè pani.

Èyí kò wá ní kí a kórìíra ewé o. Ewéko kan wà ní Yúróòpù tó ń jẹ́ Galega officinalis. Èròjà kan nínú rẹ̀ ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó le jù fún ara, àgùntàn tó bá jẹ ewéko náà lè kú. Àwọn onímọ̀ tọ ipa yẹn, wọ́n ṣe èyí tó jọ ọ́ tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1957, dókítà Faransé kan, Jean Sterne, kéde bó ṣe ṣiṣẹ́ lára àwọn alárùn ìtọ̀ ṣúgà. Metformin ni orúkọ rẹ̀. Òun gan-an ni hóró funfun tí ìyá wa pa tì! Wọ́n sá fún oògùn tí ewé pilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán wò lára ènìyàn, wọ́n lọ di mọ́ èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ wà lára eku.

Èrò tèmi nìyí: oníṣòwò tó bá sọ pé "wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀", tí kò sọ pé eku ni, ti da àmáná. Bí àáfà ló polówó rẹ̀ lẹ́yìn wáàsí, tirẹ̀ tún burú jù, torí ẹ̀sìn ni àwọn èèyàn fi gbà á gbọ́. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì kọ́ wa pé ẹni tó bá ń ṣe ìwòsàn láìjẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, ọrùn rẹ̀ ni ohun tó bá tibẹ̀ yọ wà. Kí ẹni tó ń ta oògùn lórí WhatsApp rántí ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ máa béèrè: ara ta ni wọ́n ti dán an wò? Ìwọ̀n wo ni wọ́n lò? Ǹjẹ́ dókítà mi mọ̀ sí i? Ẹ má ṣe dá oògùn tí dókítà kọ fún yín dúró láìsọ fún un. Ní ti sísanra, kí a tó wá èròjà inú ike, ẹ jẹ́ kí a wo inú àwo wa. Oúnjẹ ọlọ́ràá ni wọ́n fi mú àwọn eku yẹn sanra. A kò fipá bọ́ àwa. Ànábì wa ti pín ikùn sí mẹ́ta fún wa: ti oúnjẹ, ti omi, ti èémí.

Ìyá wa padà sọ́dọ̀ dókítà. Ṣúgà wọn ti ga gan-an, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, kò tíì bọ́. Wọ́n ti ń lo oògùn wọn. Ike yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ń mú un lọ wáàsí.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera, kí Ó sì fi òtítọ́ sí wa lẹ́nu nígbà tí a bá ń tà àti nígbà tí a bá ń rà. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.