Àìrí nǹkan oṣù kì í ṣe àbò: ọ̀rọ̀ sí ìyá ọlọ́mọ, bàbá ọmọ àti ìyá ọkọ

Nọ́ọ̀sì àdúgbò ni mí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, bó tiẹ̀ korò bí ewúro.

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lágboolé wa: "Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, tí kò tíì rí nǹkan oṣù rẹ̀, kò lè lóyún." Ìyá ń sọ ọ́ fún ọmọ, ọkọ ń sọ ọ́ fún aya, alágbo ń sọ ọ́ fún oníbàárà. Mo ní irọ́ ni. Kì í ṣe pé kò fìgbà kan ní òótọ́ nínú o. A ti gé ẹsẹ̀ tó fi ń rìn, a tún wá ní kó máa sáré.

*Ẹyin ló ń ṣíwájú, ẹ̀jẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e*

Nígbàkígbà tí ọmọ bá fa ọmú, ọpọlọ ìyá máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní prolactin sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú kí omi ọmú wà. Ọmú fífà yìí kan náà ló ń dá iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí ilé ẹyin dúró, kí ẹyin má baà gbó. Bí ọmọ bá ń fa ọmú lemọ́lemọ́, tọ̀sán-tòru, ilé ẹyin á sinmi, nǹkan oṣù kò ní wá. Àìsàn kọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò dì sínú. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti fọ̀ jáde.

Àmọ́ ọjọ́ tí ilé ẹyin bá jí, kì í pariwo. Ẹyin á kọ́kọ́ jáde. Bí kò bá pàdé àtọ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ á tó wá. Bó bá pàdé àtọ̀, tó sì di oyún, ẹ ò ní rí nǹkan oṣù kankan. Nítorí náà, ẹni tó ní òun ń dúró de nǹkan oṣù kí òun tó ṣọ́ra, Micra tó ti kọjá lọ ló ń nawọ́ sí.

Obìnrin tí kò fọ́mọ lọ́mú rárá, ẹyin rẹ̀ lè jáde kí ọ̀sẹ̀ 4 tó pé lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń rí nǹkan oṣù láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú dáadáa lè lo oṣù 6, ọdún 1, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá sì dé, ó lè má kọ́kọ́ gún: á wá lóṣù yìí, á fo oṣù méjì, á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á kéré lẹ́ẹ̀kan. Bí ọmú bá ṣì wà lẹ́nu ọmọ, èyí kì í ṣe ohun tó yẹ kó dẹ́rù bani.

*Ohun tí àwọn ìyá wa ṣe tí àwa kò ṣe mọ́*

Ẹ óò ní, "Ìyá mi bímọ 6, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ló wà láàárín wa, kò sì gba abẹ́rẹ́ kankan." Òótọ́ ni. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ màmá bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀tọ̀ ni ẹní wọn, ọ̀tọ̀ ni ti bàbá. Ní 1973, John Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwa Yorùbá, Ìbàdàn sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1977 pé yíyẹra fún ọkọ lẹ́yìn ìbímọ, títí wọ́n á fi já ọmọ lẹ́nu ọmú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wà lára ohun pàtàkì tó ń fi àlàfo sáàárín ọmọ.

Àwa ńkọ́? Ọjọ́ 40 pé, bàbá ọmọ ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmú gan-an, a kì í jẹ́ kó pé. Omi ń wọlé láti ọjọ́ kejì, àgbo ń wọlé, ògì ń wọlé, wàrà inú agolo ń wọlé. Ìyá ti lọ sí ìsọ̀ láti àárọ̀, ọmọ wà nílé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, a ṣì di ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa mú. A sọ iṣu nù, èèpo ló kù lọ́wọ́ wa.

*Ìgbà tí ọmú ń dáàbò boni*

Mi ò sọ pé ọmú kò lágbára. Ní 1988, àwọn onímọ̀ pàdé ní Bellagio, lórílẹ̀-èdè Ítálì, wọ́n sì fẹnu kò lórí ohun 3 tó gbọ́dọ̀ pé pọ̀:

1. Ọmọ kò tíì pé oṣù 6.
2. Nǹkan oṣù kò tíì padà.
3. Ọmú nìkan, tàbí kó kù díẹ̀ kó jẹ́ ọmú nìkan, ni ọmọ ń mu, lọ́sàn-án àti lóru.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, nínú 100 obìnrin, àwọn tó máa lóyún láàárín oṣù 6 yẹn kò tó 2. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, àbò ti lọ nìyẹn. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an.

*Ẹ̀yin ìyá alágbo*

Mi ò bá yín jà. Iṣẹ́ yín ti wà kí wọ́n tó ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní 1929. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Obìnrin kan bímọ láti oṣù 8, ó ń fọ́mọ lọ́mú, kò rí nǹkan oṣù, ó wá ra àgbo tó ń "mú nǹkan oṣù wá". Nínú irú wọn, nǹkan méjì ló wọ́pọ̀: yálà ọmú ló ń fún un ní ìsinmi, tàbí ó ti lóyún. Ẹni àkọ́kọ́ kò nílò àgbo. Ẹnì kejì, àgbo lè ṣe é léṣe. Kí ló dé tí a kò ní kó lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò ná? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ó tún ku ẹnì kan: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ gidigidi nígbà ìbímọ, tí omi ọmú kò sun, tí nǹkan oṣù kò sì padà, tí àárẹ̀ ń mú un ṣáá. Ẹ̀yà kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ló lè ti bàjẹ́. Dókítà Sheehan ará Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa rẹ̀ ní 1937. Àgbo kò lè tún un ṣe. Oògùn wà fún un nílé ìwòsàn, kò sì yẹ kó pẹ́ kó tó lọ.

*Àwọn kan lára àwa òṣìṣẹ́ ìlera*

Obìnrin wá fún ìfètòsọ́mọbíbí, wọ́n ní, "Máa lọ, ìgbà tí o bá rí nǹkan oṣù ni kí o padà wá." Èyí burú. Oyún ló máa bá a padà wá. Ìbéèrè díẹ̀ àti àyẹ̀wò ìtọ̀ tó láti mọ̀ pé oyún kò sí. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè gba èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá. Ó lè gba abẹ́rẹ́ láti ọ̀sẹ̀ 6. Wọ́n lè fi lúùpù sí i láàárín wákàtí 48 tó bímọ, tàbí láti ọ̀sẹ̀ 4. Kọ́ńdọ̀mù náà wà. Hóró oògùn tó ní estrogen nìkan ni kó fi sílẹ̀ títí ọmọ á fi pé oṣù 6. Bí abẹ́rẹ́ bá sì dá nǹkan oṣù dúró, ẹ̀jẹ̀ kò kó jọ sínú: kò sí ẹ̀jẹ̀ tuntun láti dà ni. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí àwọn ohun èlò yìí jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ má ṣe dá ọ̀rọ̀ yìí dá ìyàwó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó tó oṣù 24 ó kéré tán lẹ́yìn ìbímọ kí oyún mìíràn tó dé. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyá kò tíì kún padà, èyí tó wà nínú lè wá láìpé oṣù, èyí tó wà lẹ́yìn á sì pàdánù ọmú kó tó yó.

*Ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn bí:*
- páàdì kan bá ń kún láàárín wákàtí kan
- ẹ̀jẹ̀ bá ń rùn, tí ara sì ń gbóná
- ẹ̀jẹ̀ dídì bá tóbi ju ẹyin adìẹ lọ

Bí ẹ bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú fún oṣù 3 tí nǹkan oṣù kò dé, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò yín wà, Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù wà.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ìyá ìkókó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹ kà á sétí ìyá ọkọ. Ire o.