Ọmọ Mọ Ìdáhùn, Kò Mọ Ìdí

Ẹ pe ọmọ ìwé kẹrin kan, ẹ bi í pé kí ni àyíká. Wéré ni yóò dáhùn pé àyíká ni gbogbo ohun tó yí wa ká. Ẹ bi í pé kí ló dé tí kò fi dára ká máa da ìdọ̀tí sí gọ́tà, yóò ní kí omi lè ráyè kọjá ni. Ó gbà á, máàkì rẹ̀ pé. Àmọ́ ẹ dúró dè é lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n bá jáde. Yóò fi eyín já etí ọ̀rá píọ̀wọ́tà, yóò fa omi inú rẹ̀ mu, yóò sì sọ ọ̀rá náà sínú gọ́tà tó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́. Olóríkunkun kọ́ lọmọ náà. Gọ́tà inú ìwé àti gọ́tà ojú títì ò tíì bára tan lójú rẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ Àwùjọ, tí àwọn ọmọ kàn ń pè ní Sóṣíà, ló yẹ kó dùn jù lọ nínú iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun èlò rẹ̀ wà káàkiri ìta: ilé, ọjà, odò, ọba, ọlọ́pàá, owó, ìdìbò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ láti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan pàdé ní Mombasa ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1968 láti jíròrò lórí iṣẹ́ yìí, ohun tí wọ́n ń wá ni ẹ̀kọ́ tí yóò jẹ́ kí ọmọ Áfíríkà mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé orí rẹ̀. Kí la wá ń ṣe báyìí? Olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọ dà á kọ, wọ́n jọ ń kà á bí orin, ìdánwò dé, ọmọ bì í sórí ìwé, ó tán.

Mi ò ní di gbogbo ẹrù náà ru olùkọ́. Òbí ló ń ṣí ìwé ọmọ wò lálẹ́, tí yóò máa bínú pé ojú ewé ò kún. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló ń fẹ́ kí wọ́n ka sìkíìmù tán kí ìdánwò tó dé. Ìbéèrè ìdánwò fúnra rẹ̀, “dárúkọ mẹ́ta” ló máa ń jẹ́, kì í sábà jẹ́ “kí ló fà á”. Ohun tí a bá sì ń bi ọmọ ni yóò kọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí gọ́tà. Olùkọ́ tó ń gbé Ìbàdàn ní ìtàn kan nílẹ̀ tó tó fi kọ́ ọmọ fún odidi oṣù kan. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, odò Ògùnpa sì kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó wó ilé, ó gbé mọ́tò, ẹ̀mí tó lé ní 200 ló bá a lọ. Ọdún méjì ṣáájú, ní 1978, ó ti kọ́kọ́ ṣe ọṣẹ́. Wọ́n la ojú odò náà, wọ́n fi kọnkéré gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ àdúgbò púpọ̀ nílùú náà, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100.

Olùkọ́ lè kọ gbogbo èyí sójú pátákó ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ọmọ fi kún àkọ́sórí rẹ̀. Ó sì lè ṣe é báyìí: kó sọ ìtàn náà dé ibi tí omi ti wọlé, kó wá bi wọ́n pé kí ló fà á. Ọmọ kan á ní, “Àǹtí, Ọlọ́run ló rọ òjò.” Kí àǹtí má pa á lẹ́nu mọ́ o. Kó ní, “Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé òjò yẹn ò rọ̀ sórí òkè Màpó náà ni? Ṣé omi gbé ilé ibẹ̀ lọ?” Wọ́n á ní rárá, orí òkè nìyẹn. Ta ló wá ní kí àwọn tọ̀hún lọ kọ́lé sétí odò? Bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ ló pọ́ọ́kú. Bóyá ibẹ̀ ló sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tajà. Bóyá ogún bàbá wọn ni. Bóyá ẹni tó yẹ kó dá wọn dúró gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ìwé kẹrin mọ̀ nípa rìbá ju bí a ṣe rò lọ. Ìdọ̀tí ilé tiyín ńkọ́, ibo ló ń lọ? Ta ló ń gbé e? Èló lẹ̀ ń san, bí ẹ ò bá sì rówó san, kí lẹ̀ ń ṣe sí i?

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́dún 1980 ti lé ní àádọ́ta báyìí, wọn ò sì ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn. Ẹ pe ẹni méjì wá sí kíláàsì, ẹ má pe ẹyọ kan. Kí àwọn ọmọ ti kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ kí àlejò tó dé, kí wọ́n má baà jókòó lásán bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Màmá kan lè sọ pé ìdọ̀tí tí àwọn èèyàn ń dà sódò ló fà á. Bàbá kan lè sọ pé ìjọba ló fi odò sílẹ̀ tí yẹ̀pẹ̀ fi kún un. Ẹ má yára bá wọn parí ọ̀rọ̀ yẹn. Kí ló dé tí ẹni méjì tí ohun kan náà ṣojú wọn fi ń sọ ọ́ lọ́nà méjì? Ọmọ tó bá ti mọ irú ìbéèrè yìí í bi ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò ní jẹ́ kí àhesọ orí WhatsApp tètè gbé e lọ bó bá dàgbà.

Lẹ́yìn náà kí wọ́n jáde. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Kí wọ́n tẹ̀ lé gọ́tà iwájú ilé ẹ̀kọ́ títí dé ibi tó ti já sódò, tàbí ibi tó ti dí, kí wọ́n ya ọ̀nà rẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n fi àmì síbi tí ọ̀rá kó jọ sí. Wọ́n ti ya máàpù nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn ní ohun tí máàpù jẹ́.

Ẹni tí kò sí ní Ìbàdàn, ọjà ò jìnnà sí i. Gààrí nìkan tó. Kí àwọn ọmọ lọ bá ìyá tó ń tà á, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n bi í: Màmá, ọwọ́ ta lẹ ti ra gààrí yìí? Èló lọkọ̀ gbà lọ́wọ́ yín? Àwọn wo ló gbowó lọ́wọ́ awakọ̀ lójú ọ̀nà? Kí ló dé tí kòǹgò tiyín fi jinlẹ̀ ju ti ẹni ẹ̀gbẹ́ yín lọ? (Ìyẹn lè dá ìjà sílẹ̀, kí olùkọ́ wà nítòsí.) Wọn óò gbọ́ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ilẹ̀ a le gbagidi, ẹ̀gẹ́ kì í ṣeé fà tu bọ̀rọ̀, gààrí a sì gbówó lórí. Alájọ lè bá wọn níbẹ̀. Owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbà. Bí oṣù bá parí, yóò yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, yóò kó ìyókù lé onítọ̀hún lọ́wọ́. Kí ló jẹ́ kí oníṣòwò gbé owó fún ẹni tó jẹ́ pé káàdì pélébé kan ló fún un? Bó bá sá lọ, ọ̀dọ̀ ta ni wọn óò gbẹ́jọ́ lọ, ìyálọ́jà ni àbí ọlọ́pàá? Owó, òfin, àṣẹ àti ìfọkàntán ti wọ ẹ̀kọ́ ọ̀hún báyìí, ẹfun ò sì tíì kan pátákó.

Èdè wo ni wọn óò fi sọ gbogbo èyí? Mo mọ̀ pé ibí ni àwọn òbí kan yóò ti fajú ro. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró ní tirẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, wọn ò rẹ̀yìn ẹgbẹ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ tó ń wá ọ̀rọ̀ kiri ẹnu, ìgbà wo ni yóò ráyè wá ìdí? Bí ìdánwò bá fi dandan lé e, kí àkọsílẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ kí àríyànjiyàn wà lédè tí ọmọ fi ń bá àbúrò rẹ̀ jà nílé. Ní ti ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá nínú kíláàsì, àròjinlẹ̀ ló ń bu owó lé.

Olùkọ́ tó ní ọmọ 70 nínú kíláàsì lè ní ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó lè máa bínú, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò ní kó ṣe gbogbo orí ẹ̀kọ́ báyìí. Kó mú méjì ní táàmù kan, kó wà á débi tó jinlẹ̀, kó sáré kọjá lára ìyókù. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ Ògùnpa bá yé dénú, bí wọ́n bá dórí ìjọba ìbílẹ̀ àti ìmọ́tótó, á ti bá wọn dé ìdajì ọ̀nà. Ọmọ 70 sì ṣeé pín sí ọ̀nà mẹ́wàá, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀, kí ẹnì kan béèrè, kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló kù sí lọ́wọ́ jù. Ẹ tún ìbéèrè ìdánwò ṣe. Nínú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí mẹ́ta ó kéré tán máa béèrè ìdí. Ẹ lè bi wọ́n báyìí: “Ìjọba fẹ́ wó àwọn ilé tó wà létí odò. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí Màmá Bọ́lá ti ń gbé ibẹ̀. Kí ló yẹ kí wọ́n ṣe, kí sì nìdí?” Ìdáhùn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ tó bá ro ti Màmá Bọ́lá, tó tún ro ti àwọn tí omi yóò ya bá nísàlẹ̀ odò, òun ni kẹ́ ẹ fún ní máàkì jù, ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí. Bí ìdánwò bá ti yí padà, ẹ ó rí i pé olùkọ́ náà yóò yí padà láìjẹ́ pé ẹ ń pariwo lé e lórí.

Ẹ̀yin òbí ńkọ́? Bí ọmọ bá délé tó ní wọ́n ní kí òun bi bàbá àgbà léèrè bí ọjà ìlú yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ pé ṣé nítorí èyí la ṣe ń sanwó ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kó jókòó ti bàbá. Bí lẹ́tà bá sì dé pé kíláàsì fẹ́ jáde lọ sọ́jà, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ bá wọn lọ, torí olùkọ́ kan ṣoṣo ò lè kó 70 ọmọ sọdá títì.