Ìdí tí orin Hong Kong kan lórí Mandela fi ń wà títí

Lọ́dún 1990 tí Nelson Mandela jáde lẹ́wọ̀n lẹ́yìn ọdún 27, ẹgbẹ́ olórin Beyond ní Hong Kong gbé orin kan jáde ní èdè Cantonese. 'Àwọn Ọdún Ògo' ni ìtumọ̀ àkọlé rẹ̀. Wong Ka Kui ló kọ ọ́ ní ìrántí Mandela, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọ̀ ara àti iyì ọmọnìyàn ló sọ, nígbà tí orin ìfẹ́ gbòde kan.

Iṣẹ́ irú orin bẹ́ẹ̀ yóò yé Yorùbá. Ohùn mẹ́fà ni Cantonese ní, ìró orin ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe kí wọ́n tó wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Bí ohùn bá yẹ̀, ìtumọ̀ dàrú. (Ẹni tó ti gbọ́ orin ìsìn Yorùbá lórí ìró òyìnbó mọ ìṣòro yìí.)

Wong ṣubú níbi ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní Tokyo lọ́dún 1993, ó sì kú lẹ́ni ọdún 31. Lọ́dún 2014, orin Beyond wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó gba ìgboro Hong Kong láti bèèrè ẹ̀tọ́ àtiyan olórí wọn.

Orin ìwọ́de ọdún 2019, 'Ògo fún Hong Kong', kò ríbi sá sí: orúkọ ìlú wà nínú rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì fòfin dè é lọ́dún 2024. Ti Beyond kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣì ń kọ ọ́ ní Hong Kong, àti ní China pàápàá.