Àtọ̀sí Ajá: Orúkọ Tí Ó Ń Pa Ọmọ Lẹ́nu Mọ́

Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ọmọ ènìyàn. Ó kan àrùn pẹ̀lú, nítorí orúkọ tí a bá pe àrùn ni aládùúgbò yóò fi wo ẹni tí ó ń ṣe. Ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí: àtọ̀sí ajá, àrùn tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè ní bilharzia.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 11 kan ní Agbamu, tàbí ní ìlú Ìgbómìnà mìíràn bí Òmù-Àrán tàbí Ẹ̀sìẹ́. Ó ń jẹun, ó ń ṣeré, ó ń lọ sí ilé ìwé. Lọ́jọ́ kan ó lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìtọ̀ náà rí bí ó ti máa ń rí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti kù díẹ̀ kí ó tán, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń kán sílẹ̀, ó sì ń ta á bí ata. Kí ni ọmọ yìí yóò ṣe? Yóò wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, yóò sì panu mọ́.

Orúkọ náà ló fà á. Àtọ̀sí tí kò ní ajá nínú, àrùn àgbà ni, àrùn ẹni tí ń bá obìnrin kiri. Ọmọ tí kò tíì mọ obìnrin, tí ó wá gbọ́ pé àtọ̀sí ni ó ń ṣe òun, báwo ni yóò ṣe là á fún bàbá rẹ̀? Bí ó bá tilẹ̀ là á, kì í ṣe gbogbo bàbá ni yóò dúró gbọ́ ajá tí ó wà ní ìdí orúkọ náà kí ó tó fa pàṣán yọ. Ní ti ajá fúnra rẹ̀, àlàyé tí a máa ń gbọ́ ni pé ẹni tí ó bá tọ̀ síbi tí ajá tọ̀ sí ni àrùn náà ń mú. Mo rò pé ẹ̀sùn tí a fi kan ẹranko yìí tó gẹ́ẹ́. Ní àwọn ibòmíràn ní Áfíríkà, wọ́n ní ìtọ̀ pupa ni àmì pé ọmọkùnrin ti ń dàgbà, gẹ́gẹ́ bí nǹkan oṣù ti jẹ́ fún ọmọbìnrin. Àwọn kan ń fi àrùn pamọ́, àwọn kan ń fi í yangàn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kò rí ìtọ́jú níhìn-ín, kò rí i lọ́hùn-ún.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé aràn ni. Oníṣègùn ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, ni ó rí aràn náà nínú òkú ènìyàn ní Káírò ní ọdún 1851. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àrùn náà. Àrùn ọjọ́ pípẹ́ ni: ní ọdún 1910, Marc Armand Ruffer kéde pé òun rí ẹyin aràn yìí nínú kíndìnrín àwọn òkú Íjíbítì tí ó ti tó bí ọdún 3,000 tí wọ́n ti kú.

Akọ àti abo aràn náà a máa gbé pọ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ ká. Ẹyin tí abo ń yé ní ṣóńṣó. Yóò gún ara àpò ìtọ̀ kí ó tó lè jáde, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Bí ọmọ bá tọ̀ sínú odò, ẹyin yóò pa, ohun tí ó jáde nínú rẹ̀ yóò wọ inú ìgbín kékeré inú omi, yóò bí sí i níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò tún bọ́ sínú omi láti wá awọ ara ènìyàn tí yóò gbà wọlé. Kì í ṣe mímu omi ni olórí ọ̀nà tí ó fi ń múni. Ẹsẹ̀ tí a tì bọ odò tó. Ọ̀sán gangan ni ó sì ń jáde lára ìgbín jù, àkókò tí àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́, tí àwọn ìyá ń fọṣọ.

Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ìtìjú ọmọdé a di ẹjọ́ àgbà. Aràn kan lè lo ọdún 3 sí 10 lára, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò ìtọ̀ a le, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti inú kíndìnrín wá a fún, ìtọ̀ a padà sẹ́yìn, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Ó lè dé ibi tí àtọ̀ ń gbà, tí ọkùnrin yóò máa rí ẹ̀jẹ̀ nínú àtọ̀ rẹ̀, ó sì lè dí i lọ́wọ́ ọmọ bíbí. A máa ṣe ojú ara àti ilé ọmọ obìnrin léṣe pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó ń wá ọmọ ní ẹni ọdún 35 kì í rántí ẹ̀jẹ̀ tí ó wa iyẹ̀pẹ̀ bò nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11. Ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo ilé yóò máa wò. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ yóò bá fi dé iwájú oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìlọrin, ohun tí hóró oògùn ìbá ti parí lè ti di ti ọ̀bẹ.

Oògùn náà wà; praziquantel ni orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ Merck ti Jámánì ti ń fi í ta Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́rẹ. Àjọ náà ṣírò pé ó lé ní 251 mílíọ̀nù ènìyàn tí ó yẹ kí ó lò ó ní ọdún 2021, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà pọ̀ sí jù. Kí a má lọ jìnnà, àwọn olùwádìí tẹ ìwé jáde ní ọdún 2015 lórí ẹyin aràn yìí nínú ìtọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà níbí. Ilé ìwé ni a ti sábà ń pín oògùn náà. Ṣùgbọ́n ìlànà tí Àjọ náà gbé jáde ní ọdún 2022 ni pé, níbi tí àrùn bá ti mú ó kéré tán ènìyàn 10 nínú 100, kí a fún àgbà àti ọmọdé láti ọmọ ọdún 2 sókè. Àgbẹ̀ tí ń la odò kọjá lọ sóko àti ọmọ tí kò sí nílé ìwé, ta ni ó ń ké sí wọn?

Oògùn kì í sì í dí ọ̀nà. Ẹni tí ó lò ó lónìí, tí ó padà sínú odò kan náà lọ́la, lè tún kó o. Bí omi ẹ̀rọ kò bá dé ilé, ìwàásù pé kí ènìyàn má ti ẹsẹ̀ bọ odò kò wúlò fún ìyá tí ó ní aṣọ láti fọ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ní òfin odò láyé àtijọ́: òkè ni a ti ń pọn mímu, ìsàlẹ̀ ni a ti ń fọṣọ, àwọn odò kan sì wà tí èèwọ̀ ni kí ènìyàn tọ̀ sínú wọn. Àwọn baálẹ̀ wa lè jí òfin ìkẹyìn yẹn dìde láì náwó, bí a ti ń dúró de ìjọba.

Èmi kò ní kí a sọ orúkọ àtijọ́ nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá bá ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè, kí ó pa àtọ̀sí tì, kí ó bi í pé, “Ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ rẹ jáde?” Kí ìyá bi ọmọbìnrin náà bẹ́ẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn láàrin aago 10 òwúrọ̀ àti aago 2 ọ̀sán, nítorí ìgbà náà ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Kí bàbá gba ike ìtọ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.