Odò ń ṣàn níwájú ilé, gáàsì la ṣì ń sun

1. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ sún mọ́bí. Òtútù ń bọ̀, ẹ sì mọ ohun tó máa ń bá a rìn: mítà tó ń jẹ owó bí ẹni ń jẹ gúgúrú, màmá tó wọ súwẹ́tà mẹ́ta jókòó sí pálọ̀, ọmọ tó ń húkọ́ nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ ti bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, odò Thames ń ṣàn lọ níwájú wa, ooru kún inú ẹ̀. Ẹ kà á dáadáa, mo ní ooru.

2. Ẹ̀rọ tó ń kó ooru náà jáde ni wọ́n ń pè ní heat pump. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: "Omi tútù wo ló fẹ́ mú ilé gbóná?" Ó dáa. Ẹ dìde, ẹ lọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àbí? Inú fíríìjì tó tutù yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ooru náà ti wá. Ẹ fi odò sípò inú fíríìjì, kẹ́ ẹ fi pálọ̀ yín sípò ẹ̀yìn ẹ̀. Gbogbo àdììtú ẹ̀ nìyẹn.

3. Ara wa ni omi 6°C tutù lójú ẹ̀. Kẹ́míkà tó wà nínú ẹ̀rọ yìí lè hó níbi tí omi ti ń di yìnyín. Ó gba ooru lọ́wọ́ omi odò, ó hó, ẹ̀rọ fún un pọ̀ títí ó fi gbóná gan-an, ó wá já ooru náà sílẹ̀ fún páìpù ilé, ó tún padà lọ bù sí i. Iná mànàmáná tẹ́ ẹ sanwó ẹ̀, owó alábàárù ni. Bó bá rí bó ṣe yẹ, ẹ san owó yúnìtì kan, ẹ gba ooru bíi yúnìtì mẹ́ta.

4. Ẹ mú kákúlétọ̀ yín. Ká ní odò kékeré kan ń gbé lítà omi kan kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé kẹ́ẹ̀gì 25 lítà á kún ní ìṣẹ́jú àáyá 25. Bẹ́ ẹ bá mú kí omi yẹn fi 3°C péré tutù sí i, ẹ ti rí ooru tó lé ní kìlówáàtì 12. Ó ju ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìdílé kan nílò lọ nínú òtútù. Ẹ wá ronú kan Thames.

5. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "nǹkan tuntun ni, ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó." Tuntun kẹ̀? Ní 1938, ilé ìgbìmọ̀ ìlú Zürich ní Switzerland ti ń fi omi odò Limmat mú ara ẹ̀ gbóná. Ní 1951, ní London yìí kan náà, wọ́n ṣí Royal Festival Hall pẹ̀lú heat pump tó ń fa omi Thames. Ó ń mú gbọ̀ngàn náà gbóná nígbà òtútù, ó ń mú un tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn ò lò ó pẹ́ tí wọ́n fi tú u kúrò. Kí ìyá ìyá elòmíì nínú wa tó wọkọ̀ wá sí ìlú yìí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe.

6. Ẹ wá gbọ́ èyí. Ìlú Drammen ní Norway ń fa omi òkun tó wà ní bíi 8°C, wọ́n sì ń rí omi 90°C gbà nídìí ẹ̀ fún àwọn ilé ìlú. Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yẹn fún wọn? Ilé iṣẹ́ kan láti Glasgow! Alágbẹ̀dẹ wà nílé, ọkọ́ ò sí nínú oko baba ẹ̀.

7. Kì í kúkú ṣe pé kò sí ní Britain rárá. Plas Newydd, ilé ńlá àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ ní Wales, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ooru látinú òkun ní 2014, dípò epo tí wọ́n ń jó tẹ́lẹ̀. Ní Kingston, létí Thames, wọ́n ṣe é fún àwọn fúláàtì tuntun àti hòtẹ́ẹ̀lì kan. Mi ò bínú sí wọn. Ìbéèrè mi ni pé, àwọn tó ń fi mítà ra iná £10 £10 ńkọ́? Ẹ wo Thamesmead níbi táwọn èèyàn wa pọ̀ sí: adágún wà láàárín àdúgbò, Thames wà létí ẹ̀. A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú.

8. Mo bi onílé tèmi lọ́dún tó kọjá bóyá ó ti ronú nípa ẹ̀ rí. Ó ní kí n lọ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì.

9. Ẹ jẹ́ ká dórí owó, torí ibẹ̀ ni ẹja ti ń rà. Yúnìtì iná mànàmáná kan ní Britain wọ́n tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin yúnìtì gáàsì. Ẹ̀rọ fún yín ní mẹ́ta, bíìlì gba mẹ́rin. Èrè odò ti wọmi! Kí ló fà á? Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba ti ń kó owó ètò ẹ̀ lé iná mànàmáná lórí ju gáàsì lọ, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, gáàsì náà ló ń pinnu iye tí iná mànàmáná ń jẹ́ lọ́jà. Èèyàn ló jókòó pinnu ẹ̀, èèyàn ló sì lè yí i padà. Torí náà, ẹni tó bá ní "heat pump ò ṣiṣẹ́", ẹ bi í: ẹ̀rọ ni ò ṣiṣẹ́ ni, àbí owó iná ni wọ́n gbé gun orí igi?

10. Ẹ má sì jẹ́ kí oníbàtà dídán kankan tan yín. Adágún kékeré ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe Thames. Oòrùn àti ilẹ̀ ló ń fún un lóoru, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Bẹ́ ẹ bá fà jù, yìnyín á bo páìpù, ẹ̀rọ á dákẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ nílò ẹ̀ jù. Odò kékeré náà lè tutù débi tí kò ní ní 3°C láti fún yín mọ́. Ẹni tí kò bá wọn omi yín ní oṣù kìíní, tó ti ń ka owó, ẹ lé e.

11. Odò náà ní àwọn tó ń gbé inú ẹ̀. Ní England, bẹ́ ẹ bá fẹ́ fa omi tó ju kúbíkì mítà 20 lọ lóòjọ́, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Odò lítà kan tí mo ṣírò lókè yẹn ti kọjá 80 lóòjọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹja ò gbọ́dọ̀ kú kára wa tó lè móoru.

12. Ohun míì: bí wọ́n bá so gbogbo fúláàtì pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹ ò lè yan ẹlòmíì tó máa tà fún yín. Òté tí Ofgem fi lé owó gáàsì àti iná ilé kò sì dé ọ̀dọ̀ irú ooru bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má lọ fi odò ọ̀fẹ́ ta ooru ọ̀wọ́n fún wa.

13. Ó yá, iṣẹ́ dọwọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé àti káńsílọ̀ yín:
– Bí bọ́ílà wa bá gbó, kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀?
– Ṣé ẹ ti wọn odò tàbí adágún tó wà nítòsí wa?
– Ta ló máa pinnu iye tá a máa san, ta la sì máa fẹjọ́ sùn?

14. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ tún un kọ. Ẹ gbé e dé ìpàdé àdúgbò, ẹ gbé e sórí WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálááṣí. Ẹnu tá a fi ń ráhùn nípa òtútù lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ ká fi béèrè nǹkan lọ́dún yìí.